Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Èjìgbò: Ta Ni Yóò Tọ́jú Ilẹ̀ Onílẹ̀?

Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè Èjìgbò, omi gbogbo odò kéékèèké a pọ́n bí ẹni pé a ro osùn sínú wọn. Àwọn tí ó ń gba ojú ọ̀nà láti Ìwó wá sí Èjìgbò, àti láti Èjìgbò lọ sí ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jọ wọ́n lójú mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ni ó pọ́n. Ilẹ̀ oko ni ó ń bá omi lọ. Ìyẹ̀pẹ̀ tí iṣu ì bá fi ta, tí àgbàdo ì bá fi yọ ọmọ, ni àgbàrá kó, tí ó sì gbé lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì yóò ti rí i lò mọ́. Àwọn baba wa a máa wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni ti ẹni tí kì í ṣe onílé: àgbẹ̀ tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá òun ni yóò wà níbẹ̀ ní àmọ́dún. Ta ni yóò bá a bá àgbàrá jà?

Ó ti di àṣà láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àti láàrin ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ̀wé pẹ̀lú, láti máa sọ pé àìmọ̀ ni ó ń dààmú àgbẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé kí a lọ la àgbẹ̀ lọ́yẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kò fi gbogbo ẹsẹ̀ dúró. Ẹ mú àgbàlagbà kan tí ó ti ń roko láti kékeré ní Màsífà tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kí ẹ bi í léèrè nípa ilẹ̀. Yóò sọ fún yín pé ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀dú, ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ yanrìn, ọ̀tọ̀ sì ni ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ tí ọkọ́ ń dún lórí rẹ̀. Yóò wo ìmí ekòló, yóò sì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti sinmi tó. Bí ó bá rí i pé ẹ̀kan ti gba oko, yóò ní ilẹ̀ náà ti ṣá. Bí ó bá sì rí i pé ewé Akíntọ́lá ti dí pa, tí ewé gbígbẹ rẹ̀ ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò ní ilẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. (Bí orúkọ olóṣèlú ńlá nì ti ṣe di orúkọ ewéko tí ó gba gbogbo oko kan, a fi èyí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú láti máa bá ara wọn jiyàn lé lórí.) Ẹni tí ó ní irú ìmọ̀ báyìí kì í ṣe òpè.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìmọ̀ àgbẹ̀ kò ní ibi tí ó mọ. Bí àgbàrá bá ya kòtò sí àárín oko, kò sí àgbẹ̀ tí kò ní rí i, kò sì sí èyí tí kò ní wá òkúta tàbí ẹ̀ka igi fi dí i. Ṣùgbọ́n àgbàrá tí ó léwu jùlọ kì í ya kòtò. Ṣe ni ó ń bó ojú ilẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí a ti ń bó àlùbọ́sà, láti orí ebè kan dé òmíràn. Bí ó bá bó ìwọ̀n mìlímítà 1 péré kúrò lórí éékà kan, èyí tí ojú lásán kò lè rí, ohun tí ó lọ ju tọ́ọ̀nù 5 lọ. Èyí tí ó sì kọ́kọ́ ń lọ ni èyí tí ó kúnná jùlọ, tí oúnjẹ ohun ọ̀gbìn wà nínú rẹ̀. Yanrìn ni ó ń kù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iṣu a wá rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, àgbàdo a sì pọ́n lẹ́sẹ̀. Àgbẹ̀ a ní fatiláísà ni kò tó. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni ó sọ, nítorí omi tí ó gbé ìyẹ̀pẹ̀ lọ yóò gbé fatiláísà náà lọ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti kó ogun wọ Ukraine ní 2022, tí owó fatiláísà fi gun òkè ní gbogbo ayé, bí ẹni ń da owó sínú odò ni kí ènìyàn da á sórí ilẹ̀ tí kò ní ìbora.

Ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí a ń sọ nípa rẹ̀. Ní 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Ìbàdàn, èyí tí Smyth àti Montgomery kọ nípa ilẹ̀ àárín gbùngbùn ẹkùn náà. Orúkọ àwọn ìlú wa ni wọ́n fi sọ oríṣi ilẹ̀: ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ilẹ̀ Àpòmù, ilẹ̀ Oǹdó. Títí di òní olónìí ni àwọn onímọ̀ ń lo orúkọ wọ̀nyí. Ilẹ̀ tí ó pọ̀ ní agbègbè Ìwó àti Èjìgbò jẹ́ èyí tí ó ti ara àpáta líle jáde: yanrìn ni ó wà lókè, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, amọ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ohun tí ó ń bọ́ irúgbìn wà nínú ìwọ̀nba ínǹṣì mẹ́fà òkè. Bí ìyẹn bá lọ, orí òkúta ni a ó máa gbìn sí.

Àwọn baba wa kò ka ìwé Smyth, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á ro ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí igbó bò ó fún ọdún méje, mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsinmi yẹn ni ajílẹ̀ wọn. Lónìí àwọn ènìyàn ti pọ̀ sí i, ilé ti gba oko etílé, ìgbà ìsinmi ilẹ̀ sì ti kúrú. Ní ibòmíràn kò sí mọ́ rárá. Iṣu ti ń fi ààyè sílẹ̀ fún ẹ̀gẹ́, nítorí ẹ̀gẹ́ a máa ṣe é ní ibi tí iṣu ti kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré ní ìlú Òrìṣà Ògìyán, òrìṣà tí kì í fi iyán ṣeré.

Kí wá ni àtúnṣe? Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan tí ń jẹ́ Rattan Lal ṣe iṣẹ́ láti 1970 fún bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó fi ọdún púpọ̀ wọn omi àti ìyẹ̀pẹ̀ tí ó ń ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tí ó rí kò ṣòro láti lóye: ilẹ̀ tí ó wà ní ìhòòhò ni òjò ń kó, ilẹ̀ tí koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo bò, tí a kò sì tú, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ohunkóhun. Ìkán òjò ni ọ̀tá, nítorí òun ni ó ń fọ́ ìyẹ̀pẹ̀ wẹ́wẹ́ kí omi tó gbé e. Ní 2020 ni wọ́n fún ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Ìmọ̀ tí ayé yìn ín fún, ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ jọ.

Ẹ sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìmọ̀ náà ní oko wa. Àgbẹ̀ ti gba oògùn apakoríko tọwọ́ tẹsẹ̀, nítorí pé ó dín owó alágbàro kù. Bí ó bá fi oògùn pa koríko, tí ó sì fi òkú koríko náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀, tí ó gbìn sí àárín rẹ̀, ohun tí Lal ń wí gan-an ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ń fi oògùn pa koríko tán tí wọ́n tún ń ti iná bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá sì sun tirẹ̀, ọdẹ tí ó ń wá ọ̀yà yóò bá a sun ún. Eérú a máa mú kí irúgbìn yọ dáadáa ní ọdún kan. A kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ìbora ilẹ̀ ti bá èéfín lọ, òjò àkọ́rọ̀ yóò sì bá ilẹ̀ ní ìhòòhò.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ gba apá tí ó ràn án lọ́wọ́ ní ọdún yìí; ó jọ̀wọ́ apá tí èrè rẹ̀ wà lọ́jọ́ iwájú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àgbẹ̀ Èjìgbò nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn òyìnbó ẹ̀ka ọ̀gbìn ní Moor Plantation, ní Ìbàdàn, ti ń rọ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gbin ẹ̀wà kan tí a ń pè ní Mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni lára, kí wọ́n sì ro ó mọ́ ilẹ̀ láti fi sọ ilẹ̀ jí. Àwọn àgbẹ̀ wa kò dá wọn lóhùn. Ta ni yóò fi odidi ìgbà òjò kan gbin ohun tí a kò lè jẹ, tí a kò sì lè tà? Ní nǹkan bí 1987, wọ́n gbé ẹ̀wà yìí kan náà dé ẹkùn Mono ní gúúsù Benin, níbi tí ilẹ̀ ti ṣá pátápátá. Ìwọ̀nba àgbẹ̀ díẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbìn ín. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1990, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Kí ni ó yí ọkàn wọn padà? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀. Wọ́n rí i pé Mucuna a máa fún ẹ̀kan pa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kan ni ó ń gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbìn ín nítorí koríko, àgbàdo wọn sì dára sí i lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ Sasakawa Global 2000 tún ń ra irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹni tí ó ń ra irúgbìn náà kò rà á bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáwọ́.

A lè fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni IITA ti mú ètò kan jáde, pé kí àgbẹ̀ gbin igi Leucaena tàbí Gliricidia ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ó gbin àgbàdo sí àárín wọn, kí ó máa gé ẹ̀ka wọn bo ilẹ̀. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn ọdún 1980. Ètò náà dára lórí ilẹ̀ ìwádìí. Ṣùgbọ́n igi gígé fẹ́ ọwọ́ tí ó pọ̀, ohun kejì sì tún wà tí àwọn onímọ̀ kò tètè rí: ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá gbin igi ti ń sọ pé òun ni òun ni ilẹ̀. Onílẹ̀ tí ó fún àlejò ní ilẹ̀ láti gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò ní gbà kí ó gbin igi. Báwo ni àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ yóò ṣe wá gbin ọ̀wọ́ igi lórí ilẹ̀ ọlọ́ilẹ̀, kí wọ́n má lé e kí ó tó di ìrọ̀lẹ́?

Níbi tí a ti ń bọ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń roko ní agbègbè wa ni kò ní ilẹ̀ tí ó dá wọn lójú. Àwọn kan gba ilẹ̀ fún ọdún kan sí òmíràn. Àwọn obìnrin ń ro ilẹ̀ ọkọ tàbí ti ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí a sì lè gbà á padà lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú. Kódà ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ ẹbí kò mọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ yóò fi owó gé e ní púlọ́ọ̀tì. Ìdí ebè kíkọ ní ìdábùú, koríko títẹ́ sórí ilẹ̀, àti ìsinmi ilẹ̀ ni pé kí èrè dé ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹni tí kò mọ̀ bí òun yóò rí ọdún kejì kò ya òmùgọ̀ bí ó bá fún ilẹ̀ gbẹ lọ́dún yìí. Ọgbọ́n ni ó lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa ni yóò jìyà ọgbọ́n náà.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò pọ̀ ní Abidjan. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń lọ sí Ivory Coast, tí àwọn ọmọ wọn sì ń fọ èdè Faransé láàrin ìlú bí ẹni ń jẹ àkàrà. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2002, àti ìjà ìbò ọdún 2010 sí 2011, dá àwọn kan padà wá sílé, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò dí. A kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé owó tí ó ń ti ibẹ̀ wá ń kọ́ ilé, kì í sọ ilẹ̀ oko jí, àti pé àgbàlagbà, obìnrin àti alágbàro ni a fi oko sílẹ̀ fún. Iye ebè ni a fi ń san owó alágbàro. Kí ni yóò mú un ro ti ibi tí ilẹ̀ dà sí? Bákan náà ni awakọ̀ katakata tí ó ń gba owó lórí éékà: ọ̀nà tí ó gùn jùlọ, tí kò ní jẹ́ kí ó máa yí padà, ni yóò gbà, ìbáà jẹ́ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Poro tí ó bá sì dorí kodò, ojú ọ̀nà ni ó là fún àgbàrá.

Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó fi ìwàásù nìkan tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ní àwọn ọdún 1930, ìyẹ̀pẹ̀ oko àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà gbéra sí ojú ọ̀run, ìjì gbé eruku rẹ̀ títí dé àwọn ìlú etí òkun. Ní 1935, ìjọba wọn dá ẹ̀ka ìtọ́jú ilẹ̀ sílẹ̀, Hugh Bennett sì ni olórí rẹ̀. Ó wàásù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1936 tún san owó fún àgbẹ̀ tí ó bá gbin ohun tí ń bo ilẹ̀. Àgbẹ̀ òyìnbó pàápàá kò ṣe é lófẹ̀ẹ́.

Àwa ńkọ́? Láti 1975 ni Báńkì Àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ti àwọn ètò ìdàgbàsókè ọ̀gbìn lẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, títí tí ó fi kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Nígbà tí owó yíyá náà tán ní àwọn ọdún 1990, agbára wọn tán pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 1991, ní ti tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n máa dé oko kò pọ̀ tó, àwọn tí ó sì wà kò rí owó epo ọ̀kadà. Ní Èjìgbò kan náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn rẹ̀ sí. Kò yẹ kí oko tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì máa kọ ebè dorí kodò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ jẹ́ kí a bá a yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà. Bí ìbò bá ń bọ̀, àpò fatiláísà ni a ń pín, a sì ń ya àwòrán rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń ya àwòrán ilẹ̀ tí kò ṣí nípò. Ẹgbẹ́ tí ó dá oko àgbègbè sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn láti 1959 ná owó gọbọi lórí ìwọ̀nba ọ̀dọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi oko náà sílẹ̀. Síbẹ̀ a gbọdọ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé a kò lè ya àgbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ tí yóò dúró lé. Ohun tí ó yẹ kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ ń dìbò fún kò wọ́n: kí awakọ̀ katakata tí ìjọba bá fi owó ràn lọ́wọ́ má gba owó bí kò bá túlẹ̀ ní ìdábùú, kí a sì ra irúgbìn ohun tí ń bo ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe ní ọdún ìbò nìkan.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ yan ibi tí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀dì méjì tí ó dọ́gba. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí ẹ ri garawa mọ́lẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ohun tí ó wà nínú garawa méjèèjì. Kí ẹ sì pe àwọn òbí wọn wá wò ó. Àgbàrá tí ń bó ilẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ojú kò rí nínú oko, yóò hàn kedere nínú garawa.

Ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jùlọ, a kò sì ní í fi í sílẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìgbélẹ̀ ní àwọn ibi tí kì í ṣe ìgboro, fún iṣẹ́ oko. A mọ̀ pé àwọn onílẹ̀ yóò bẹ̀rù. Wọn yóò ní bí àlejò bá ti gba ìwé, ilẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ sílẹ̀. Lójú tiwa, ibi tí kò ti sí ìwé ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà, nítorí ohun tí baba kan bá baba kejì sọ lábẹ́ igi ni àwọn ọmọ ń túmọ̀ bí ó ti wù wọ́n. Ìwé tí ó bá sọ pé ti onílẹ̀ ni ilẹ̀, tí ó sì sọ iye ọdún tí àlejò yóò lò lórí rẹ̀, ó dáàbò bo àwọn méjèèjì.

Kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ, èdè Yorùbá ni kí a sì fi kọ ọ́: orúkọ onílẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó gba ilẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ààlà ilẹ̀ náà, iye ọdún, èyí tí kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́wàá, iye ìṣákọ́lẹ̀, igi tí onílẹ̀ fọwọ́ sí pé kí ó gbìn, àti ẹni tí yóò ni ín bí ọdún bá pé, àti àdéhùn pé kò gbọdọ̀ sun oko, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kọ ebè dorí kodò. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ onílẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ẹ̀kẹta sì wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Èjìgbò. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìwé àkọ́kọ́ yóò ti tẹ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ kí òjò tó tún sọ odò di pupa.